Irú, ìsọ̀rí, ẹ̀ka àti àdàpọ̀: bí a ṣe lè sọ̀rọ̀ ní Yorùbá nípa oríṣiríṣi kòkòrò HIV tó wà ní Bẹ̀nẹ̀

Àṣamọ̀

Kòkòrò HIV kì í ṣe ẹyọ kan. Láàárín orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo, a lè rí oríṣiríṣi rẹ̀ tí ohun tí a kọ sínú wọn yàtọ̀ síra gan-an. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí oríṣiríṣi náà ṣe ń wáyé, èyí tó gbilẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Nàìjíríà, àti ohun tó so mọ́ ọn fún àyẹ̀wò, fún ìtọ́jú àti fún ìdájọ́. Ó fi ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ kòkòrò ń gbà ya igi ìbátan wé ọ̀nà tí àwa onímọ̀ èdá-èdè ń gbà ya igi ẹbí èdè. Lẹ́yìn èyí ni ó dábàá ọ̀rọ̀ mẹ́rin, irú, ìsọ̀rí, ẹ̀ka àti àdàpọ̀, tí ó sì sọ ìdí tí a kò fi yan ẹ̀yà, ìran tàbí ìdílé.

1. Ìfáárà

Ní ìhà Nàìjíríà, wọ́n ń pe kòkòrò náà ní HIV, wọ́n sì ń pe àìsàn tó ń fà ní éèdì. Ní ìhà tiwa ní Àjàṣẹ́, ẹni tó bá kàwé ní èdè Faransé yóò pe kòkòrò náà ní VIH, yóò sì pe àìsàn náà ní sídà. Orúkọ mẹ́rin nìyẹn fún kòkòrò kan àti àìsàn kan. Èyí kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Yorùbá kan náà ni wọ́n ń fi ẹ àti ọ kọ ní Ìbàdàn, tí ètò ìkọ̀wé orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ sì ń fi ɛ àti ɔ kọ.

Òdìkejì èyí ni ìṣòro tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí. Nígbà tí a bá sọ pé "kòkòrò HIV", orúkọ kan ṣoṣo ni a dá, ṣùgbọ́n ohun tó wà lábẹ́ orúkọ náà pọ̀. Àwọn onímọ̀ ìlera ní ọ̀rọ̀ Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń ya àwọn ohun náà sọ́tọ̀. Yorùbá kò tíì ní ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa fẹnu kò sí. Bí nọ́ọ̀sì, akọ̀ròyìn tàbí ògbufọ̀ bá fẹ́ ṣàlàyé fún ẹnì kan pé èyí tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe èyí tí oògùn kan ń ràn, ọ̀rọ̀ tó bá kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu ni yóò lò, bóyá ẹ̀yà tàbí ìran. A óò rí i níwájú pé àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lè dá àṣìlóye sílẹ̀, wọ́n sì lè dá ẹ̀gàn sílẹ̀ pẹ̀lú.

Iṣẹ́ ìperí kì í ṣe tuntun nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú apá kejì tó jáde ní 1990, ti fún wa ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Nítorí náà, a óò kọ́kọ́ wo ohun tí à ń fẹ́ sọ lórúkọ dáadáa.

2. Bí ohun tí a kọ sínú kòkòrò ṣe ń yí padà

HIV kéré débi pé ojú kò lè rí i. Nínú rẹ̀ ni okùn RNA wà, èyí tó dà bí ìwé tí a fi lẹ́tà mẹ́rin péré kọ: A, C, G àti U. Gígùn ìwé náà tó nǹkan bí 9,700 lẹ́tà. Èyí kò gùn rárá. Lẹ́tà tó wà nínú ojú ìwé díẹ̀ nínú ìwé ìtàn kan lè tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí kòkòrò bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn, ó máa ń da ìwé RNA rẹ̀ kọ sí DNA kí ó tó lè di púpọ̀. Ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe iṣẹ́ àdàkọ yìí kì í yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ó dà bí akọ̀wé tó ń kọ̀wé kíákíá, tí kì í padà ka ohun tó kọ. Bí a bá ní kí a ṣírò rẹ̀, àṣìṣe kan lè wáyé nínú bí ẹ̀dà mẹ́ta. Nínú ara ẹni tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù ẹ̀dà ni a ń ṣe lójoojúmọ́. Ìdí nìyẹn tí kòkòrò tó wà lára ẹnì kan ṣoṣo kì í fi í jẹ́ ẹyọ kan. Agbo ni wọ́n, wọ́n jọra, ṣùgbọ́n wọn kò rí bákan náà.

Kì í ṣe gbogbo àyípadà lẹ́tà ló ń yí iṣẹ́ kòkòrò padà. Àwọn kan dà bí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ àti ɛ: àkọtọ́ yí padà, ìró kò yí padà, ìtumọ̀ kò sì yí padà. Àwọn mìíràn dà bí ìyàtọ̀ láàárín igbá àti ìgbà. Bí irú àyípadà bẹ́ẹ̀ bá ba kòkòrò jẹ́, ẹ̀dà náà yóò kú. Bí ó bá ràn án lọ́wọ́ láti sá fún oògùn tàbí fún èròjà agbóguntàrùn inú ara, ẹ̀dà náà ni yóò gbilẹ̀. Irú méjèèjì wúlò fún ẹni tó ń wádìí. Èyí tí kò yí nǹkan padà ń sọ ibi tí kòkòrò ti wá, èyí tó yí nǹkan padà sì ń sọ ohun tí ojú kòkòrò ti rí.

3. HIV-1, HIV-2 àti ìsọ̀rí wọn

Ìpín àkọ́kọ́ ni ti HIV-1 àti HIV-2. Institut Pasteur ní Paris ni wọ́n ti ṣàwárí èyí tí à ń pè ní HIV-1 lónìí ní 1983. Françoise Barré-Sinoussi àti Luc Montagnier gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2008. Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni ìtàn HIV-2 ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1985, Souleymane Mboup ní Dakar àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ láti Faransé àti Amẹ́ríkà rí i pé ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin kan ní Sẹ̀nẹ̀gà kò dáhùn sí àyẹ̀wò bí ti àwọn ará Yúróòpù ṣe ń dáhùn. Ní 1986, wọ́n ya kòkòrò náà sọ́tọ̀ láti ara àwọn aláìsàn tó wá láti Gínì-Bísáù àti erékùṣù Cape Verde.

HIV-1 àti HIV-2 kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà tó pínyà lára ènìyàn. Ara ṣimpańsì àti gọ̀rílà ní Àárín Gbùngbùn Áfíríkà ni HIV-1 ti wá. HIV-2 wá láti ara ọ̀bọ kan tó ń gbé inú igbó ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n ń pè ní sooty mangabey. Kò sì jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ni kòkòrò rékọjá láti ara ẹranko sí ara ènìyàn. Ti HIV-1 ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin ó kéré tán, ìrékọjá kọ̀ọ̀kan sì ni a fún ní lẹ́tà: M, N, O àti P. M àti N wá láti ara ṣimpańsì, O àti P jọ ti gọ̀rílà. Ìsọ̀rí O kò fi bẹ́ẹ̀ jáde kúrò ní Kamerúúnì àti agbègbè rẹ̀. N, tí a kéde ní 1998, àti P, tí a kéde ní 2009, wà lára ènìyàn díẹ̀ gan-an. M ló tàn ká gbogbo ayé. Ti HIV-2 náà ní ìsọ̀rí tirẹ̀, A àti B ló sì wọ́pọ̀ jù láàárín ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra níbí yìí. Lẹ́tà A tàbí G tó jẹ́ orúkọ ìsọ̀rí tàbí ẹ̀ka kò ní í ṣe pẹ̀lú lẹ́tà A tàbí G tí a fi kọ ìwé RNA. Àmì kan náà ni, iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ síra.

4. Ẹ̀ka, àti lẹ́tà méjì tó sọnù

Ìsọ̀rí M nìkan ti pín sí ẹ̀ka: A, B, C, D, F, G, H, J, K àti L. Láàárín kòkòrò méjì tó wà nínú ẹ̀ka kan náà, ìyàtọ̀ lẹ́tà sábà máa ń wà láàárín 8 sí 17 nínú ọgọ́rùn-ún. Láàárín ẹ̀ka kan sí èkejì, ó sábà máa ń wà láàárín 17 sí 35. Bí a bá wo gbogbo ayé, ẹ̀ka C ló kó nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní HIV, pàápàá ní ìhà gúúsù Áfíríkà àti ní Íńdíà. B ló gbilẹ̀ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, kò sì ju nǹkan bí 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ní ayé. Síbẹ̀ B yìí ni wọ́n lò jù nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe oògùn àti àyẹ̀wò, nítorí pé ibi tí owó ìwádìí wà ni ó wà.

Ẹni tó bá ka àwọn lẹ́tà òkè yìí dáadáa yóò béèrè pé E àti I dà? Wọ́n ti wà rí. E ni wọ́n pe kòkòrò kan tó gbilẹ̀ ní Tháílàńdì. Nígbà tí wọ́n ka ìwé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n rí i pé apá kan jẹ́ E, apá kan sì jẹ́ A. Wọn kò rí kòkòrò kankan tó jẹ́ E látòkè délẹ̀. Wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí CRF01_AE. I náà di CRF04_cpx nígbà tí wọ́n rí i pé oríṣiríṣi ẹ̀ka ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti gbìyànjú láti tún èdè ìṣẹ̀ǹbáyé kan kọ́. A lè rí àpá òbí kan lára ọmọ, kí a má sì rí òbí náà fúnra rẹ̀ níbì kankan.

L ni àbíkẹ́yìn. 2019 ni wọ́n kéde rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà ní Kóńgò ní 1983, 1990 àti 2001 ni wọ́n ti rí i. Òfin ìsọlórúkọ ló fà á tó fi pẹ́. A gbọ́dọ̀ rí ohun náà lára ènìyàn mẹ́ta tí kò sí àsopọ̀ láàárín wọn kí a tó lè fún un ní orúkọ ẹ̀ka. Títí dìgbà tí wọ́n ka ti ẹnì kẹta tán, kò ní orúkọ.

5. Àdàpọ̀: ohun tí Ìbàdàn kọ́ wa

Ní 1994, àwọn olùwádìí tẹ ìròyìn jáde nípa kòkòrò kan tí wọ́n rí ní Ìbàdàn. IbNG ni wọ́n pè é: Ib fún Ìbàdàn, NG fún Nàìjíríà. Apá ìwé rẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ kà jọ ti ẹ̀ka A, wọ́n sì kà á kún ẹ̀ka A tuntun. Ní 1998, àwọn mìíràn fi gbogbo ìwé rẹ̀ wé ti ẹ̀ka G. Wọ́n rí i pé bí a bá ń kà á lọ, ó jẹ́ A níbì kan, ó di G níbòmíràn, ó tún padà di A. Ààlà tó wà láàárín apá kan sí èkejì hàn kedere.

Báwo ni èyí ṣe lè ṣẹlẹ̀? Bí kòkòrò méjì tó yàtọ̀ bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì kan náà lára ẹnì kan, akọ̀wé tí kì í yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò yẹn lè máa da ti àkọ́kọ́ kọ, kí ó fò sórí èkejì láàárín ìlà, kí ó sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìwé tuntun tó bá jáde yóò ní orí kan láti ọ̀dọ̀ òbí kan, àti orí mìíràn láti ọ̀dọ̀ òbí kejì.

Bí àdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dúró lára ẹni tí ó ti bẹ̀rẹ̀, tàbí lára àwọn díẹ̀ tó sún mọ́ ọn, URF ni wọ́n ń pè é. Bí a bá rí i lára ènìyàn mẹ́ta tí kò sí àsopọ̀ láàárín wọn, tí a sì ti ka ìwé rẹ̀ tán, ó di CRF, wọ́n á sì fún un ní nọ́ńbà. IbNG ni àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ ti èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí CRF02_AG lónìí. Akẹ́kọ̀ọ́ èdá-èdè yóò mọ ìyàtọ̀ náà lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ àyálò tí ẹnì kan lò lẹ́ẹ̀kan kò tíì di ọ̀rọ̀ èdè. Ìgbà tí àwọn tí kò mọ ara wọn bá ń lò ó ni a lè kọ ọ́ sínú ìwé atúmọ̀ èdè.

6. Oríṣiríṣi tó wà ní Bẹ̀nẹ̀

Ní Bẹ̀nẹ̀, nǹkan bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ló ní HIV. Láti àárín ọdún 1990 sí 2000 ni àwọn olùwádìí ti ń ka ìwé kòkòrò tí wọ́n rí níbí. CRF02_AG ló pọ̀ jù lára ohun tí wọ́n rí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni CRF06_cpx, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàpèjúwe láti Bùùkíná Fasò, tí apá A, G, J àti K sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀ka G àti A náà wà, àti àwọn URF tí kò tíì ní nọ́ńbà. HIV-2 náà wà, ṣùgbọ́n kò pọ̀ tó HIV-1. Ní Nàìjíríà, CRF02_AG àti G ni òpó méjèèjì. Bí a bá wo gbogbo ayé, CRF02_AG kó nǹkan bí 8 nínú ọgọ́rùn-ún, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì wà ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà.

Kí ló dé tí ọ̀kan fi gbilẹ̀ báyìí? Àwọn ẹlẹ́kọ̀ọ́ kan lè rò pé agbára rẹ̀ ló ju ti àwọn yòókù lọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n pípọ̀ nìkan kò tó ẹ̀rí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ibì kan máa ń ní àǹfààní lórí ẹni tó dé lẹ́yìn. Àwọn onímọ̀ àbùdá ló kọ́kọ́ lo èrò yìí, Salikoko Mufwene sì gbé e wọ inú ẹ̀kọ́ nípa èdè kíríólù ní 1996. Ó ní àbùdá èdè àwọn tó kọ́kọ́ tẹ ìlú dó ló máa ń hàn jù nínú èdè tó ń jẹyọ níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó dé lẹ́yìn pọ̀ jù wọ́n lọ. Ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ sí kòkòrò.

Ohun kejì ni ọ̀nà. Láti Abidjan dé Èkó, ọ̀nà etí òkun kan ló so àwọn ìlú ńláńlá pọ̀, Kútọnu sì wà lórí rẹ̀. Láti Àjàṣẹ́ sí ẹnubodè Sèmè kò jìnnà. Ibi tí ènìyàn bá ti ń pàdé, tí ọ̀pọ̀ èdè fi ń pàdé, ni oríṣiríṣi kòkòrò ti lè pàdé, tí àdàpọ̀ sì lè bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ààlà tó wà láàárín ẹ̀ka kòkòrò kò tẹ̀lé ààlà tó wà láàárín Yorùbá, Gùn àti Fọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni kò tẹ̀lé ààlà ìjọba. Kò sí kòkòrò Yorùbá, kò sì sí kòkòrò Gùn.

7. Igi ìbátan wa àti tiwọn

August Schleicher ya igi ẹbí èdè ní 1853. Ní 1863, ó kọ̀wé láti fi hàn bí èrò Darwin ṣe bá ẹ̀kọ́ èdè mu. Láti ìgbà náà ni ẹ̀kọ́ méjèèjì ti ń yá ara wọn ní irinṣẹ́. Ní 2012, Remco Bouckaert, Quentin Atkinson àti àwọn ẹgbẹ́ wọn lo ọ̀nà ìṣirò tí wọ́n ti fi ń wá orísun àjàkálẹ̀ kòkòrò láti wá orísun àwọn èdè Indo-European. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè takò ó, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà kò parẹ́.

Ìṣirò ọjọ́ orí jẹ́ àpẹẹrẹ rere. Morris Swadesh gbà pé ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ èdè ń yí padà ní ìwọ̀n kan náà níbi gbogbo, a sì ti rí àbùkù èrò yìí. Àwọn onímọ̀ kòkòrò ní ohun tí àwa kì í sábà ní, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara tí a mọ ọdún tí a gbà á. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ tí a gbà ní Kinshasa ní 1959, àti ẹran ara tí a gbà níbẹ̀ ní 1960. Ní 2008, wọ́n fi méjèèjì wé ara wọn, wọ́n sì rí i pé wọ́n ti yàtọ̀ jìnnà. Ìṣirò wọn fi ìbẹ̀rẹ̀ ìsọ̀rí M sí nǹkan bí 1908, láàárín 1884 sí 1924. Ìgbà tí éèdì fi di ohun tí ayé gbọ́, kòkòrò náà ti wà láàárín ènìyàn fún nǹkan bí àádọ́rin ọdún.

Ibi tí igi ti kùnà náà jọra. Ní 1872, Johannes Schmidt sọ pé igi nìkan kò tó, nítorí pé àyípadà èdè máa ń tàn bí ìgbì omi láti aládùúgbò sí aládùúgbò. Ẹni tó bá ti gbọ́ Yorùbá ní Kétu, ní Ṣábẹ, ní Ìdáàṣà àti ní Ìfẹ̀ ti ilẹ̀ Togo yóò gbà fún un. Bákan náà ni Hounkpati Capo ṣe lo orúkọ kan, Gbè, fún gbogbo àwọn èdè tó wà láti Ewé dé Fọ̀n àti Gùn, nítorí pé ibi tí ọ̀kan parí sí tí òmíràn bẹ̀rẹ̀ kò rọrùn láti tọ́ka sí.

Ṣùgbọ́n àdàpọ̀ kòkòrò kò jọ ìgbì omi. Ó jọ ohun tó ṣọ̀wọ́n nínú èdè. Michif tí wọ́n ń sọ ní Kánádà ni àpẹẹrẹ tó sún mọ́ ọn jù: ọ̀rọ̀-orúkọ rẹ̀ wá láti Faransé, ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ wá láti Cree, ààlà méjèèjì sì hàn. Bí a bá mú ọ̀rọ̀-orúkọ Michif nìkan, igi wa yóò sọ pé Faransé ni. Bí a bá mú ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan, yóò sọ pé Cree ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí IbNG nìyẹn nígbà tí apá kan ìwé rẹ̀ mú kí wọ́n pè é ní A.

Àríyànjiyàn kan ṣì wà lórí èyí. Gbogbo ènìyàn gbà pé A àti G ni òbí, pé CRF02_AG ni ọmọ. Ní 2007, Ana Abecasis àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé ẹ̀rí tí wọ́n rí tọ́ka sí òdìkejì: CRF02_AG lè jẹ́ òbí, kí G sì jẹ́ àdàpọ̀ tí a bí láti inú rẹ̀. Bí èyí bá jẹ́ òtítọ́, orúkọ CRF02_AG ń sọ ìtàn tí kò ṣẹlẹ̀. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ fún wa ni pé orúkọ tó bá gbé ìtàn ìbí sínú ara rẹ̀ lè di irọ́ nígbà tí ẹ̀rí bá yí padà.

8. Ohun tó so mọ́ ọn

Àkọ́kọ́ ni àyẹ̀wò. Ní 1994, àwọn dókítà ní Faransé ròyìn pé àwọn aláìsàn kan ní ìsọ̀rí O lára, àyẹ̀wò kan sì ń sọ pé wọn kò ní nǹkankan. Wọ́n ní láti tún àwọn àyẹ̀wò náà ṣe. Bákan náà, ẹ̀rọ tó ń ka iye kòkòrò HIV-1 nínú ẹ̀jẹ̀ kò lè ka HIV-2, nítorí náà ẹni tó ní HIV-2 lè gba èsì tó ń tàn án jẹ.

Èkejì ni oògùn. HIV-2 kì í gbọ́ nevirapine àti efavirenz, ọ̀pọ̀ kòkòrò ìsọ̀rí O náà kì í sì í gbọ́ wọn, láti ìbẹ̀rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn oògùn yìí wà lára èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ń fún aláìsàn ní ilẹ̀ wa. Dolutegravir, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sípò àkọ́kọ́ ní 2019, ń ṣiṣẹ́ lórí HIV-1 àti HIV-2. Ó yẹ kí a sọ ọ́ síta pé fún àwọn ẹ̀ka àti àdàpọ̀ tó wọ́pọ̀ ní Bẹ̀nẹ̀, ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, tí àyẹ̀wò kò rí kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kì í kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń ní ìbálòpọ̀. Nítorí náà, "àrùn kògbóògùn" tí wọ́n ṣì ń pè é kì í ṣe orúkọ òtítọ́ mọ́.

Ẹ̀kẹta ni ìdájọ́. Ní Benghazi ní Líbíyà, ó lé ní irínwó ọmọdé tó kó HIV ní ilé ìwòsàn kan. Wọ́n mú nọ́ọ̀sì márùn-ún láti Bùùgáríà àti dókítà kan tó jẹ́ ọmọ Palẹstínì, wọ́n ní àwọn ló mọ̀ọ́mọ̀ kó o ràn wọ́n, wọ́n sì dájọ́ ikú fún wọn ní 2004. Kòkòrò tó wà lára àwọn ọmọ náà jẹ́ CRF02_AG, èyí kan náà tó gbilẹ̀ níbí. Ní December 2006, Tulio de Oliveira, Oliver Pybus àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ya igi ìbátan kòkòrò náà, wọ́n sì ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀. Ó hàn pé kòkòrò náà ti ń tàn kálẹ̀ ní ilé ìwòsàn náà kí àwọn àjèjì wọ̀nyí tó dé ní March 1998. Ilé ẹjọ́ kò fi ṣe, ó tún dájọ́ ikú fún wọn lóṣù yẹn kan náà. Ìdúnàádúrà ìjọba sí ìjọba ló tú wọn sílẹ̀ ní July 2007.

Igi náà tún ní ààlà tirẹ̀. Ó fi hàn pé kòkòrò Benghazi sún mọ́ ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Kò sọ ẹni tó gbé e dé ibẹ̀, kò sì lè sọ ọ́. Ẹni tó bá ka "CRF02_AG" sí "kòkòrò àwọn ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà", tó sì lọ wá ará Bẹ̀nẹ̀ tàbí ará Nàìjíríà tí yóò dá lẹ́bi, ti ṣi igi kà.

9. Ọ̀rọ̀ tí a dábàá

Ẹ̀yà ni ọ̀rọ̀ tó yá jù lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ̀yà náà ni a fi ń pe Ègùn, Yorùbá àti Bààtọ̀nú. Bí a bá ní "ẹ̀yà kòkòrò tó wà ní Ìbàdàn", ojú yóò yí sí àwọn ará Ìbàdàn. Nítorí irú èyí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ní ní 2015 pé kí a má máa fi orúkọ ìlú tàbí ènìyàn sọ àìsàn lórúkọ mọ́, tí wọ́n sì fi lẹ́tà Gíríìkì pe oríṣiríṣi Kòrónà ní 2021. Ìran àti ìdílé ní ewu mìíràn. A ti ní "àrùn ìran" àti "àrùn ìdílé", ohun tí wọ́n túmọ̀ sí sì ni àìsàn tí a jogún. Ẹni tó bá gbọ́ "ìran kòkòrò" lè rò pé ilé bàbá aláìsàn ni ó ti wá. Àmúlùmálà ni a fi ń pe èdè tí à ń dà pọ̀ mọ́ òmíràn, ẹ̀gàn sì ti wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, a dábàá báyìí. Irú fún HIV-1 àti HIV-2. Ìsọ̀rí, tí a ti ń lò fún ìsọ̀rí ọ̀rọ̀ nínú gírámà, fún M, N, O àti P. Ẹ̀ka fún A, B, C àti àwọn yòókù; a ti mọ̀ ọ́n nínú ẹ̀ka-èdè, kò sì sí ẹni tó ń fi ẹ̀ka-èdè bú ènìyàn bí ó ṣe ń fi ẹ̀yà bú u. Àdàpọ̀ fún èyí tí apá rẹ̀ wá láti ẹ̀ka méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: "àdàpọ̀ tó ti tàn" fún CRF, "àdàpọ̀ tí kò tíì tàn" fún URF. Nọ́ńbà àti lẹ́tà wọn kò ní yí padà, kí ìwé wa lè bá ti àwọn ẹlòmíràn mu. A óò sọ pé: "HIV irú kìíní, ìsọ̀rí M, àdàpọ̀ 02." A mọ̀ọ́mọ̀ fi AG sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹnu nítorí àríyànjiyàn tí a ti sọ lókè.

Àwọn kan lè sọ pé aláìsàn kò nílò gbogbo èyí, pé oògùn ni ó nílò. Òtítọ́ ni pé oògùn ló kọ́kọ́ nílò. Ṣùgbọ́n ẹni tí a sọ fún pé irú kejì ló wà lára rẹ̀, pé ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yí oògùn rẹ̀ padà, ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ ọ ní èdè tó yé e, láìsí pé ọ̀rọ̀ náà fi ẹ̀sùn kan bàbá rẹ̀ tàbí ìlú rẹ̀.

10. Ìparí

Oríṣiríṣi HIV tó wà ní Bẹ̀nẹ̀ jẹ́ àbájáde ohun mẹ́ta: àdàkọ tó ń ṣàṣìṣe, àdàpọ̀ tó ń so ìwé méjì pọ̀, àti ọ̀nà tí ènìyàn ń rìn. Ọ̀nà tí a fi ń kà á jọ ọ̀nà tí a fi ń ka ìbátan èdè, ó sì ní àléébù kan náà: igi kan tí a yà láti inú apá kan ìwé lè ṣini lọ́nà. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí a dábàá kò tíì jáde kúrò nínú ìwé. Ohun tó kù ni kí a gbé wọn lọ bá àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn oníròyìn ní Àjàṣẹ́, ní Kétu àti ní Pobè, kí a bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n gbọ́ nígbà tí a sọ wọ́n. Bí àwọn tí kò mọ ara wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í lò wọ́n, a óò mọ̀ pé wọ́n ti di ọ̀rọ̀ èdè.